Kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú fún ìyàwó tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà: níbo ni kówó lọ?

Ìbéèrè tí ẹnì kan gbé síbí, tí ọ̀pọ̀ yín ti fèsì sí, rèé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi ń kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ẹ̀kọ́ kan ní Yaba, HND ọdún kìíní ló wà. Láti ìgbà ND ló ti ń yá laptop ọ̀rẹ́ ẹ̀ lò, ọ̀rẹ́ náà sì ti ń fajú ro báyìí. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún un. Bàrígà là ń gbé. Gbogbo owó tí mo rí tù jọ ò ju 500,000 náírà lọ, mọ́nítọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ n'Íkẹjà ní kí n ra kéèsì tó ń tan iná, kí n fi graphics card sí i, kí RAM ṣì jẹ́ 8GB ná. Àbúrò mi ní kí n kúkú lọ ra laptop tòkunbọ̀, kí n yéé yọ ara mi lẹ́nu. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi, mo fẹ́ kó bá a lójijì ni. Èwo ni kí n ṣe?"

Àbúrò, o ṣeun, ọkọ gidi ni ẹ́. Ṣùgbọ́n ká tó débi RAM (àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ sí), ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa iná inú kéèsì yẹn ná. Iná yẹn ò ya àwòrán. Pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé tó ń yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀ lóru á kàn máa tan ojú ayàwòrán jẹ ni. Kéèsì lásán tí afẹ́fẹ́ ń ráàyè gba inú ẹ̀ ti tó.

Ọ̀rọ̀ "kó bá a lójijì" yẹn ńkọ́? Fi í lẹ̀. Iṣẹ́ ọnà pọ̀ lóríṣiríṣi. Ẹni tó ń gbẹ́ ère lè máà fẹ́ ju ibi tó máa kó fọ́tò iṣẹ́ ẹ̀ sí lọ. Ẹni tó ń ṣe gíráfíìsì, CorelDRAW àti Photoshop ló máa bá jí, òun náà ló máa bá sùn. Ẹni tó ń ṣe 3D nínú Blender nìkan ni mo lè sọ fún pé kó kọ́kọ́ ná owó lé graphics card, káàdì tó ń ran kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ láti gbé àwòrán jáde. Èwo ni tìyàwó ẹ? O ò sọ, ó sì jọ pé o ò mọ̀. Tó bá jẹ́ dandan ni kó yà á lẹ́nu, dọ́gbọ́n bi í lórí oúnjẹ alẹ́: "Kí lẹ ṣe ní kíláàsì lónìí?" Kó o wá dákẹ́, kó o máa gbọ́.

Ṣómólú lèmi ti ń jẹun, láàárín àwọn atẹ̀wé. Ọdún mẹ́wàá ó lé tí mo ti ń tún ẹ̀rọ àwọn ayàwòrán àtàwọn tó ń ṣe làbẹ́ẹ̀lì ṣe, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ra ohun tí ojú ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ń fẹ́, tó wá ń fojú wá ohun tí iṣẹ́ ẹ̀ ń fẹ́ kiri.

*

Àwọn tó ní kó ra laptop pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i. Ẹjọ́ yín ò ju ọ̀kan lọ: NEPA. Wọ́n á mú iná lọ, desktop á kú fin-ín, laptop á máa bá tiẹ̀ lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ti ra laptop tòkunbọ̀ olówó kékeré nínú yín, tí bátìrì ẹ̀ ṣì ń gbé wákàtí méjì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi, wáyà ṣájà ò gbọ́dọ̀ kúrò nídìí ẹ̀. Kó o sì tó rí laptop tójú ẹ̀ fẹ̀, tí àwọ̀ ẹ̀ péye, tí RAM ẹ̀ tó 16GB, 500,000 yẹn á ti wọlé tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná náà. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kò ní graphics card, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ LED oní-íǹṣì 24, kì í sábà jẹ ju wáàtì 70 sí 100 lọ lẹ́nu iṣẹ́ bí èyí. Inú UPS 650VA tí wọ́n ń tà káàkiri (àpótí tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀ bí iná bá lọ), bátìrì kékeré kan ló wà níbẹ̀, 12V, 7Ah. Fi 12 lu 7, o ní wáàtì-wákàtí 84. Lórí ìwé, ó yẹ kó gbé e ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Lójú ayé, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni wà á rí, torí bátìrì kékeré yẹn ò fẹ́ kí wọ́n fa iná lára òun kíákíá. Ìṣẹ́jú 10 tó láti tẹ Ctrl+S kó sì pa á jẹ́jẹ́. Ohun tí UPS wà fún nìyẹn.

Tí ínfátà bá wà nílé, ọ̀rọ̀ yí padà. Bátìrì 12V, 200Ah kan, wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà nínú ẹ̀. Bátìrì olómi ò ṣeé fà kọjá ìdajì tó o bá fẹ́ kó pẹ́, ó ku 1,200. Yọ èyí tí ínfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ, ká pè é ní 1,000. Kọ̀ǹpútà oníwáàtì 100 á lò ó fún wákàtí 10. Tan fáànù kan àti gílóòbù méjì mọ́ ọn, ó di nǹkan bíi wákàtí 6. Àwọn àdúgbò Band A, tówó iná wọn fò sókè ní April 2024, wákàtí 20 lójúmọ́ ni ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn. Ìwọ lo mọ bí tiyín ṣe rí ní Bàrígà.

Ẹnì kan láti Sùúrùlérè ní ínfátà òun máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kùn bí oyin, nígbà míì á sì kú kó tún tan. Ínfátà tí iná ẹ̀ kì í lọ geere bíi ti NEPA, ìyẹn èyí tí kì í ṣe pure sine wave, nìyẹn. Àwọn páwà páàkì kan (àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà) ò lè bá irú iná bẹ́ẹ̀ rẹ́. Kò sóògùn ẹ̀ ju kó pààrọ̀ ínfátà tàbí kó wá páwà páàkì tó gbà á.

Ibì kan ṣoṣo tí mo ti túúbá fáwọn onílaptop: tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni olùkọ́ ń ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí kíláàsì. Kò sẹ́ni tó máa gbé mọ́nítọ̀ wọ dáńfó láti Bàrígà lọ sí Yaba.

*

Lórí RAM, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé 8GB tó, ẹ wá bá mi ṣírò.

Bébà A3 ní 300 dpi, ìyẹn àmì 300 nínú íǹṣì kan, jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 3,508 lọ́nà 4,961. Mílíọ̀nù 17.4 nìyẹn. Píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4. Léyà (ìpele àwòrán tí wọ́n ń tò lé ara wọn) kan ṣoṣo tó kún, bíi 70MB. Ta ló ń lo léyà kan? Ọ̀kan fún ìlà, ọ̀kan fún òjìji, ọ̀kan fún awọ ara, ọ̀kan fún gèlè, òmíràn fún ìmọ́lẹ̀ orí gèlè, títí lọ. Léyà 30 á gba 2.1GB, ká má tíì sọ ti ìrántí tí Photoshop ń tọ́jú kó o lè rí Ctrl+Z tẹ̀. Windows ti jẹ tiẹ̀. Chrome ti ṣí, torí àwòrán tó ń wò kọ wà níbẹ̀. 8GB ti tán nìyẹn, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yá àyè lórí dísìkì, búrọ́ọ̀ṣì á máa tẹ̀ lé ọwọ́ bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ lọ́jà. Àwọn tó ṣe Photoshop gan-an, 8GB ni wọ́n ní kó má dín sí, 16GB ni wọ́n ní kéèyàn lò. A0 ńkọ́? Léyà kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 560MB.

Nítorí náà 16GB. Ra 8GB méjì, má ra 16GB ẹyọ kan. Tí kò bá sí graphics card, inú RAM yìí náà ni àwòrán orí mọ́nítọ̀ ti ń jẹun, ẹyọ méjì á sì jẹ́ kọ́nà ẹ̀ fẹ̀ sí i.

*

Ká wá tò ó ni, àbí ká ra tòkunbọ̀ tí wọ́n ti tò? Ibí yìí ni ìjà wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó tò ó, ìmọ̀ràn yín dáa: Ryzen 5 5600G, ìyẹn processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ọdún 2021 ló jáde, kọ́ọ̀ 6 ló ní (apá tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà), ohun tó ń gbé àwòrán jáde ti wà nínú ẹ̀, kò béèrè graphics card lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà á. Tó bá jẹ́ pé owó náà tó ìlọ́po méjì, mi ò ní bá yín jiyàn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbogbo ẹ̀ pọ̀: òun fúnra ẹ̀, bọ́ọ̀dù, RAM, SSD (ibi ìkópamọ́ fáìlì tó yára), kéèsì, páwà páàkì. Tẹ́ ẹ bá fi máa dé orí páwà páàkì, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó kéré jù, páwà páàkì tó kéré jù lẹ́yin gan-an sì mọ̀ pé ó lè kó bọ́ọ̀dù lọ lọ́jọ́ tó bá kú. Mọ́nítọ̀ á wá di èyí tówó tó kù bá gbé.

Tèmi ni pé kó ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀: HP EliteDesk 800 G4, Dell OptiPlex 7060, tàbí èyíkéyìí tó bá ní Core i5-8500, processor Intel, nínú. Kọ́ọ̀ 6 lòun náà ní. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ (8 tó ṣáájú nínú 8500 yẹn) ni pé ibẹ̀ ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀rọ Intel wọlé, Windows 10 sì ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú láti October 14, 2025. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣì kó i5-6500 jọ rẹpẹtẹ, wọ́n á ní "i5 náà ni, ẹ̀gbọ́n". I5 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀ 4 ni, Microsoft ò sì fọwọ́ sí Windows 11 fún un.

Ẹnì kan sọ pé àléébù àwọn ẹ̀rọ yìí ni pé páwà páàkì wọn ò bá ti ọjà mu, bó bá kú, wàhálà dé. Ó gba máàkì. Wáyà HP àti Dell wọ̀nyẹn yàtọ̀ lóòótọ́, èyí tí wọ́n yọ lára irú ẹ̀ ni wà á máa wá kiri. Ó ṣe é rí n'Íkẹjà, kì í sì wọ́n bí tuntun, àmọ́ má retí pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní in.

Mo tún fẹ́ kó jẹ́ èyí tó dúró gíga, tí wọ́n ń pè ní tower. Àwọn pẹlẹbẹ yẹn rẹwà, wọn ò gbàyè, ṣùgbọ́n tó bá di ọdún tó ń bọ̀ tí ìyàwó bá ní òun fẹ́ ṣe animation, káàdì kúkúrú nìkan ló máa wọ inú wọn. Èyí tó kéré bí ìwé Bíbélì, kò tiẹ̀ gba káàdì kankan.

SSD ò sí nínú àríyànjiyàn. 500GB, kó jẹ́ tuntun. Háàdì dísìkì àtijọ́ ò sábà kọjá 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD lásán ń sún mọ́ 550MB. Tí háàdì bá wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìkópamọ́.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi rí, kó má bàa ṣe yín.

Lọ́dún kan, mo ra tower tòkunbọ̀ fún ayàwòrán kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n tan án níwájú mi, ó ṣiṣẹ́. Mi ò wo ohun tí wọ́n ki wáyà ẹ̀ bọ̀. Mo gbé e lé itan nínú dáńfó dé Ṣómólú, mo ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, mo tẹ̀ ẹ́.

Gbàù!

Òórùn rọ́bà tó jóná gba gbogbo yàrá. Ìyá onílé sáré jáde, ó rò pé tiransifọ́mà ni. Nígbà tí mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà ni mo tó rí i: bọ́tìnì pupa kékeré kan nídìí páwà páàkì, kò ju èékánná lọ, "115" ló wà lójú ẹ̀. Ẹ̀rọ náà wá láti Amẹ́ríkà. Ní ṣọ́ọ̀bù, inú tiransifọ́mà tó ń sọ iná di 110 ni wọ́n ki wáyà ẹ̀ bọ̀. Èmi wá ki wáyà ẹ̀ bọ iná tiwa, 230 gbáko. Ayàwòrán náà jókòó sórí àga, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Ọ̀pọ̀ àwọn tuntun báyìí ń gba 100 sí 240V fúnra wọn, wọn ò ní bọ́tìnì yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Kà á. Tí bọ́tìnì bá wà níbẹ̀, kó fi "230" hàn kí wáyà tó kàn án.

*

Ó kan mọ́nítọ̀, ibi tí mo ń bọ̀ láti àárọ̀.

Ayàwòrán kan gbé póstà ìkórè wá sí Ṣómólú. Lórí ẹ̀rọ ẹ̀, ewé inú àwòrán náà ń dán bí ewé ẹ̀gẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ohun tó jáde lórí bébà dà bí ẹ̀fọ́ tó sun mọ́jú nínú ìkòkò. Ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà! Ó ní atẹ̀wé ló ba iṣẹ́ òun jẹ́, atẹ̀wé ní bó ṣe rán an lòun ṣe tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, mọ́nítọ̀ ló sì dá ìjà sílẹ̀.

Mọ́nítọ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta po àwọ̀: pupa, ewé, búlúù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi tádàwà mẹ́rin po tiẹ̀: cyan, magenta, yẹ́lò, dúdú. Àwọn àwọ̀ ewé, búlúù àti ọsàn kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lè gbé jáde, tí tádàwà ò lè dé láéláé. Ó yẹ kí ayàwòrán ti yí i sí CMYK, kó rí i pé ó ṣú, kó tún un ṣe kó tó gbé e wá. Ó yẹ kí atẹ̀wé tẹ ẹyọ kan kó fi hàn án ná. Mo wá lọ wo mọ́nítọ̀ tó fi ṣe é nílé: TN àtijọ́ kan, tó jẹ́ pé tó o bá jókòó, àwọ̀ ibi tó o ń wò jẹ́ ọ̀kan, tó o bá dìde, ó di òmíràn. Ojú wo ló fẹ́ fi mọ àwọ̀?

IPS ni kó o béèrè, irú ojú mọ́nítọ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ kì í yí padà bó o bá sún kúrò níwájú ẹ̀. Íǹṣì 24, 1920 lọ́nà 1080 tó. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, dán an wò báyìí ní ṣọ́ọ̀bù: ṣí àwòrán ojú èèyàn aláwọ̀ dúdú sórí ẹ̀, lọ́ ara lọ sí ẹ̀gbẹ́, bẹ̀rẹ̀ kó o wò ó láti ìsàlẹ̀. Tí awọ ara yẹn bá di bí eérú tàbí bí nẹ́gátíìfù fọ́tò, TN ni, gbé e padà. Mú iṣẹ́ ìyàwó ẹ kan tó wà lórí bébà dání, kí fọ́tò ẹ̀ sì wà lórí flash. Gbé méjèèjì síra wọn. Kò ní bára mu gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n pupa ò gbọ́dọ̀ di ọsàn. Tí ìwé ẹ̀yìn páálí bá sọ pé ó gba sRGB (ìwọ̀n àwọ̀ tó wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà) tó 95% sókè, ó dáa. Tó bá kọ "45% NTSC", ìyẹn fi díẹ̀ ju ìdajì sRGB lọ ni, fi í sílẹ̀ fáwọn tó ń tẹ lẹ́tà.

Àwọn kan ní mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ńkọ́? Mo fara mọ́ ọn. Mọ́nítọ̀ IPS àwọn ọ́fíìsì òkè òkun máa ń dáa ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Kàn fi funfun kún ojú ẹ̀ kó o wò bóyá ó ti pọ́n bí ìwé àtijọ́, kó o fi dúdú kún un kó o wo ibi tí iná ti ń jò létí.

*

Ẹnì kan fèsì pé máòsì tó, àwọn ọ̀gá ní Ṣómólú ò lo tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán (pátákó tí wọ́n ń fi pẹ́ẹ̀nì yàwòrán lé, tí àwòrán ń bọ́ sínú kọ̀ǹpútà) rí. Òótọ́ ni. Mo mọ ọ̀gá kan tó ń fi máòsì fa ìlà lẹ́tà nínú CorelDRAW, wà á rò pé abẹ ló fi gé e. Ṣùgbọ́n lẹ́tà àti lógò nìyẹn. Máòsì ò mọ̀ bóyá ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ líle tàbí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó fi ọdún méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ mú pẹ́ńsù ò gbọ́dọ̀ wá máa fi ọṣẹ yàwòrán.

Wacom, Huion, XP-Pen, kò sí èyí tó burú nínú àwọn kékeré wọn. Máa fojú sí bó ṣe fẹ̀ tó ju iye ìpele títẹ̀ lọ. 4,096 tàbí 8,192, ọwọ́ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tó fẹ̀ tó íǹṣì 10 lọ́nà 6 ló bá apá lára mu. Èyí tó dà bí fóònù á jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ máa dun ún. Kí ìmú pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ wà nínú páálí, torí ó ń jẹ.

*

Sọ́fúwíà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa délẹ̀ yìí.

Ìdajì yín ní kó gba èyí tí wọ́n já láìsanwó lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń fi flash ta á. Mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò rí i rí. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wá bá lẹ́yìn náà. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tó bá irú ẹ̀ wọlé ti ti fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ kan pa níwájú mi rí, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó lọ gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá. Krita ọ̀fẹ́ ni, ó sì dáa fún kíkùn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Inkscape ọ̀fẹ́, Blender ọ̀fẹ́, GIMP ọ̀fẹ́. Kó fi ìwọ̀nyí bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni pé tó bá ń gbé iṣẹ́ wá sí Ṣómólú, CorelDRAW ni gbogbo wa ń sọ. Kó gbé e wá ní PDF, kó ti sọ gbogbo lẹ́tà di curve (ìlà àwòrán, kì í ṣe fọ́ǹtì mọ́), kó sẹ́ni tó máa béèrè inú èwo ló ti ṣe é.

*

Ọjọ́ tó o bá fẹ́ lọ sí Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà, lọ láàárọ̀. Láti ẹnu òpópónà Otigba ni wọ́n á ti máa fà ẹ́ lọ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá? Laptop? Ẹ wá wò ó, ẹ ò ní rà á." Má bá a lọ. Ẹni tó mú ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, owó tiẹ̀ wà lórí ọjà ẹ. Kí ọwọ́ ẹ wà lára fóònù ẹ.

Tí wọ́n bá gbé tower sílẹ̀, ní kí wọ́n ṣí i. Fojú ara ẹ ka RAM. Tan án, wo iye tí Windows sọ, fi sọ́fúwíà CrystalDiskInfo wo ìlera SSD. Lẹ́yìn ìyẹn, má jẹ́ kó kúrò lójú ẹ. Gbólóhùn tó léwu jù ní ọjà yẹn ni "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín nu eruku ara ẹ̀ ní yàrá kejì." 16GB tó wọ yàrá kejì lè jáde ní 8GB. Flash olówó kékeré tí wọ́n kọ 1TB sí náà, fi sọ́fúwíà H2testw yẹ̀ ẹ́ wò, wà á rí i pé irọ́ ni. Gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wà lórí ẹ̀, kí iye ọjọ́ tó o lè dá a padà náà wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe máa pín owó náà nìyí. Tó bá jẹ́ mẹ́wàá: nǹkan bíi mẹ́rin fún tower pẹ̀lú RAM àti SSD, mẹ́ta fún mọ́nítọ̀, méjì fún tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹyọ kan tó kù fún UPS. Tí ọjà bá wọ́n lọ́jọ́ náà, inú tower ni kó o ti dín in. Má fọwọ́ kan mọ́nítọ̀.

*

Àbúrò wa ti padà wá. Ohun tó sọ rèé:

"Ẹ̀gbọ́n, mo bi í. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń wo fídíò kọ̀ǹpútà lóru. Textile ló ń ṣe, ó fẹ́ máa ya bátànì àdìrẹ, kó máa ya àwòrán ìwé àwọn ọmọdé tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò fẹ́ 3D. Ó ní kò sóhun tí òun fẹ́ fi graphics card ṣe. Ó wá bi mí pé, 'Orí kí la máa gbé e lé?' Ẹ̀gbọ́n, yàrá kan àti pálọ̀ la ní. Orí ibùsùn ló ti ń lo laptop yẹn."

Háà! Gbogbo wa sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́nì kan tó rántí tábìlì.

Bátànì àdìrẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn sí i. Ẹyọ bátànì kan ló máa yà, á wá tẹ́ ẹ lọ bí aṣọ, i5 àti 16GB á gbé e láìmí. Inú Krita, tó bá tẹ lẹ́tà W, bátànì á máa tún ara ẹ̀ ṣe yíká bó ṣe ń yà á, á rí bí etí méjèèjì ṣe pàdé lójú ẹsẹ̀. Kó kún un ní búlúù ẹ̀lú tó wù ú, ṣùgbọ́n kó tẹ ẹyọ kan sórí aṣọ kó tó gbà pé àwọ̀ náà nìyẹn.

Má ra tábìlì kọ̀ǹpútà onípákó fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tò. Káfíńtà ẹ̀bá ọ̀nà ní Bàrígà á kan èyí tó lágbára ju ìyẹn lọ. Gíga sẹ̀ńtímítà 73 ló wọ́pọ̀, àmọ́ mú ìyàwó ẹ dání, kó jókòó lórí àga tó máa lò, kí káfíńtà wọn ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ dé. Kí ẹnu tábìlì jìn tó sẹ̀ńtímítà 60, kí tábúlẹ́ẹ̀tì lè wà níwájú mọ́nítọ̀. Kó má kọ ojú mọ́nítọ̀ sí fèrèsé, kó má sì kọ ẹ̀yìn ẹ̀ sí i. Ẹ̀gbẹ́ ni kí fèrèsé wà, kí oòrùn ọ̀sán má bàa máa pa àwọ̀ mọ́ ọn lójú. Tí wọ́n bá fẹ́ fi fọ́níṣì kun tábìlì náà, sọ fún wọn pé kó má dán.